Ìṣó Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ Nínú Táyà

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà dára. Omi ń yọ dáadáa nínú ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó bá ẹnìkejì fa wàhálà nítorí balùwẹ̀, ìyá ọkọ sì ti wẹ̀, ó ti múra, ó ti jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú báàgì lórí itan kí àwọn yòókù tó jí. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún un pé wọn yóò mú un lọ wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣe, gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́, títí kan àwọn tí kò béèrè.

Ìyàwó ọmọ náà ni wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà. Ìyá ọkọ yìí gan-an ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, tó fi di orúkọ rẹ̀ nínú ilé àti níta. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ń bá ṣiṣẹ́. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Rọra, nítorí pé bí eṣinṣin bá bà sójú ọ̀nà, yóò tẹ bíréèkì. Kò tíì gbá èèyàn rí, kò tíì gbá ewúrẹ́ pàápàá. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò máa wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń dán ẹsẹ̀ tuntun wò, òun ni wọ́n mú, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ojúsàájú ni.

"Ẹnjiníà," ni Màmá wí bí wọ́n ṣe ń mu tíì, "tún un sọ fún mi, kí n má lọ dúró bí ère níwájú àwọn èèyàn yẹn. Báwo ni ọkọ̀ ṣe máa gba iná láìsí wáyà?"

"Wáyà wà níbẹ̀, Màmá. Wọn ò kàn fara kan ara wọn ni. A ká wáyà kan sábẹ́ ilẹ̀ níbi tí ọkọ̀ máa dúró sí. A ká òmíràn sínú ẹsẹ̀ ọkọ̀, láàárín rìmù àti táyà. Tí iná bá wọ ti ilẹ̀, ó máa ń di agbára kan bíi ti òòfà, ojú ò rí i. Agbára yẹn á gba inú táyà kọjá, wáyà tòkè á tún sọ ọ́ di iná, ó di inú bátìrì."

"Kí ló wá dé tó jẹ́ ẹsẹ̀ lẹ fi sí? Ṣebí ikùn ọkọ̀ fẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ."

"Ikùn ọkọ̀ jìnnà sílẹ̀. Bí àlàfo bá ṣe pọ̀ tó ni iná ṣe máa ń ṣòfò tó. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń fara kan ilẹ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé táyà tí gbogbo ayé ń lò, okùn irin tín-ín-rín wà nínú ẹ̀. Irin yẹn á já agbára náà gbà, á sì máa gbóná. Ìdí nìyẹn tí mo fi yọ gbogbo irin kúrò. Okùn líle tí kì í ṣe irin ni mo fi hun tiwa, rìmù ẹ̀ náà kì í ṣe irin."

"Kò ní gbé èèyàn?"

"Kì í gbé èèyàn bí iná wáyà ṣe ń gbé e. Irin ló ń wá kiri. Ká ní kọ́kọ́rọ́ bọ́ síbẹ̀, tàbí ìdérí ìgò, á gbóná débi tó máa jó èèyàn lọ́wọ́."

Màmá fọwọ́ kan eyín rẹ̀. "Eyín mi tí wọ́n fi síbí ńkọ́?"

"Ike ni, Màmá."

"Ó dáa. N ò fẹ́ kí wọ́n sè mí láti ẹnu."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni Rọra wọlé, tó ń fi àkísà nu ọwọ́. Ó wo ìyá rẹ̀ tó ti kun àtíkè, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn ìjọba." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìṣó kan ti wọ táyà ẹ̀yìn o, lápá ọ̀tún. Àmọ́ kò jò. Mo fi itọ́ sí i, kò hó."

Ẹnjiníà gbé ife sílẹ̀. "Ẹ yọ ọ́."

"Kí n yọ kí ni? Ìṣó tó bá wọ táyà tí afẹ́fẹ́ ò bá jáde, òun náà ló dí ihò tó dá. Ẹni tó bá yọ ọ́ ló fọwọ́ ara ẹ̀ fa wàhálà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ lo táyà oníṣòó títí tó fi ta ọkọ̀ ẹ̀."

Rọra kọ́ ló dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, kò sì sí ibùdókọ̀ téèyàn máa dé tí kò ní bá awakọ̀ tó máa búra pé bó ṣe rí nìyẹn. Lára táyà tí a mọ̀, ọgbọ́n tí kò gbọ́n tó ni, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó pani.

"Ọkọ̀ yìí yàtọ̀," ni Ẹnjiníà wí.

"Mo mọ̀ pé ó yàtọ̀. Táyà míì dà tá a máa fi rọ́pò? Ẹni tó ń lẹ táyà níta ò lè fọwọ́ kan èyí, wáyà yín ti kún inú ẹ̀. Tí mo bá yọ ìṣó yìí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ọkọ̀ ò ní kúrò níwájú ilé yìí lónìí. Kí lo máa sọ fún Ọ̀gá yín?"

Ohun tí Ẹnjiníà mọ̀, tí ọkọ rẹ̀ kò mọ̀, nìyí. Nígbà tí wọ́n ṣì ń dán táyà náà wò ní ṣọ́ọ̀bù ilé-iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ti kan ìṣó mọ́ ọn rí, ó gbé e sórí wáyà ilẹ̀, ó sì tan iná sí i. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìṣó náà tó gbóná, ṣùgbọ́n nígbà tó gbóná, rọ́bà tó yí i ká ń yọ́, ó ń rú èéfín. Gbogbo irin tó fi làálàá yọ kúrò nínú táyà, ìṣó kan ṣoṣo ti dá a padà síbẹ̀. Ó sọ fún Ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Ọ̀gá ní kí ló ń dààmú sí, ṣebí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ irin wà nílẹ̀.

Ẹ̀rọ náà wà lóòótọ́. Ohun pẹlẹbẹ kan ni tí wọ́n tẹ́ sórí wáyà ilẹ̀. Bó bá ti rí irin, á dún, á sì pa iná fúnra rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní Aláròyé, nítorí kò sí ohun tí kì í rojọ́ lé lórí: ìdérí ìgò, bébà dídán inú páálí sìgá, píìnnì irun. Lọ́jọ́ kan tí àlejò wá, ó pa iná mọ́ Ọ̀gá lójú léraléra, àwọn àlejò sì ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Inú bí Ọ̀gá. Nígbà tí ọjọ́ tí àwọn aláṣẹ ìjọba máa wá wo iṣẹ́ náà sún mọ́, ó ní kí wọ́n pa Aláròyé lẹ́nu mọ́ títí wọ́n á fi lọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún Ọ̀gá? Ọwọ́ Ẹnjiníà gan-an ló pa ẹ̀rọ náà.

Ọ̀gá tún kìlọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìṣó kò gbọdọ̀ jáde kí àwọn aláṣẹ tó fọwọ́ sí i pé kí ẹsẹ̀ náà máa lọ sójú títì. Ó ní tí àwọn èèyàn bá gbọ́ iná àti táyà pọ̀ nínú gbólóhùn kan, wọ́n á sá. Ẹnjiníà gbà. Kì í ṣe ẹnu tirẹ̀ ni wọ́n ti máa gbọ́ pé àjẹ́ ni ìyá ọba. Ó pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ fún gbogbo ayé, ó sì pa á mọ́ fún ọkọ tó ń wa ọkọ̀ ọ̀hún.

Nídìí tíì yẹn, ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ: mo ti dán an wò, ó jó. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé ọkọ̀ kò ní pẹ́ lórí iná. Ó rántí pé ìṣó ọjọ́sí pẹ́ kó tó gbóná. Ó tún rántí ojú Ọ̀gá. Ó gbé ife rẹ̀ padà, ó ní, "Ó dáa. Tá a bá ti ṣe tán lọ́hùn-ún, a máa yọ ọ́."

"Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni Rọra wí, ó sì na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀ kó lè dìde.

Ẹ̀yìnkùlé ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti fẹ́ fi iṣẹ́ náà hàn. Ilẹ̀ kọnkéré ni, wọ́n ti gbá a, wọ́n fi ọ̀dà funfun ya àyè tí ọkọ̀ máa dúró sí. Wọ́n ta ìbòòrùn, wọ́n to àga, wọ́n gbé gíláàsì ńlá kan tó ń tàn bíi tẹlifíṣọ̀n síwájú kí gbogbo èèyàn lè rí bí bátìrì ṣe ń kún. Rọra rọra wa ọkọ̀ sórí àyè náà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wò ó bóyá ó tọ́. Ó wá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún ìyá rẹ̀.

"Orúnkún mi ò gbà," ni Màmá wí. "Jẹ́ n jókòó síbí. Mo máa rí wọn, àwọn náà á rí mi."

Kò sẹ́ni tó rí ohun tó burú ńbẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gba iná, èèyàn ń jókòó sínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Màmá gbé ọwọ́ sí fèrèsé apá ọ̀tún, ó ń juwọ́ sí àwọn aláṣẹ bí ìyàwó ọba. Ọ̀kan nínú wọn juwọ́ padà.

Ẹnjiníà sún mọ́ Ọ̀gá létí. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìṣó kan wà nínú táyà ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká tan Aláròyé padà, tàbí ká dín iná kù."

Ọ̀gá ò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Àwọn àlejò ló ń rẹ́rìn-ín sí. "Kó tún máa pa iná mọ́ mi lójú? Ìwọ náà, ẹ̀rù ẹ ti pọ̀ jù. Kò ní pẹ́. Jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i ná." Ó sì sọ fún ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ pé kó tan iná, kí ó sì fi kún un dé òpin, kí àwọn èèyàn lè rí bátìrì bó ṣe ń sáré gòkè.

Ẹnjiníà gbọ́ ọ. Ó mọ̀ pé iná kékeré ni òun fi dán ìṣó wò lọ́jọ́sí. Ó dúró síbẹ̀, ó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Bátìrì ń kún lóòótọ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Olórí àwọn aláṣẹ dìde láti sọ̀rọ̀ ṣókí, ọkùnrin tó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ṣókí náà sì gùn. Ó sọ nípa ọ̀la, ó sọ nípa afẹ́fẹ́ tó mọ́, ó sọ nípa ìgbà tí kò ní sí ẹni tí yóò máa tò fún epo mọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Ẹnjiníà gbóòórùn rọ́bà. Ó mọ òórùn náà.

"Ẹ pa iná," ló kígbe. "Ẹ pa á, ẹ pa á."

Wọ́n pa á. Ṣùgbọ́n táyà ti gbiná láti inú. Ó bú gbàù, ọ̀rọ̀ di bóò lọ o yà mí, àga ń ṣubú lu àga. Rìmù tí kì í ṣe irin, èyí tí gbogbo èèyàn ń yin Ẹnjiníà sí, ohun tó ń jó ni, iná sì gun orí rẹ̀ lọ sí ìdí ọkọ̀ níbi tí bátìrì wà. Ẹnì kan gbé àgbá apaná wá, ó tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Wọ́n ti lò ó tán nígbà tí wọ́n ń dán nǹkan wò, kò sì sẹ́ni tó rọ òmíràn sí i.

Apá ọ̀tún ni iná wà, apá ọ̀tún sì ni Màmá jókòó sí. Rọra tí kì í kánjú sáré wọ inú ọkọ̀ náà. Ó gba ẹnu ilẹ̀kùn òsì wọlé, ó ń fa ìyá rẹ̀, orúnkún yẹn kò jẹ́ kí ó lè yára, bẹ́líìtì ìjókòó sì ti há. Ọwọ́ ni Rọra fi já a. Nígbà tó fi máa gbé e jáde, aṣọ ìyá rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì kò sì ṣeé wò.

Ní ilé ìwòsàn, Màmá kò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹnjiníà jókòó tì í, kò mọ ibi tí yóò fọwọ́ kàn lára rẹ̀ tí kò ní dùn ún. Nígbà kan ó ṣíjú, ó wá ìyàwó ọmọ rẹ̀ kiri pẹ̀lú ojú títí ó fi rí i.

"Ṣé wọ́n fọwọ́ sí i?" ló bi í.

Ẹnjiníà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Irọ́ ni. Màmá mi orí, inú rẹ̀ dùn, ó sì padà sùn. Ní òwúrọ̀ tó tẹ̀lé e, ó ti lọ.

Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ dìde. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì ti mú lọ́yà dání. Ó ní awakọ̀ fojú ara rẹ̀ rí ìṣó, ó sì fi í sílẹ̀. Wọ́n bi Rọra bóyá òótọ́ ni. Ó dìde pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé bí ọmọ ìkókó, ó ní òótọ́ ni, òun rí i, òun sì fi í sílẹ̀. Ó jókòó. Kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Wọ́n pe Ẹnjiníà. Ó sọ gbogbo rẹ̀: bí òun ṣe dán ìṣó wò, bí rọ́bà ṣe yọ́, bí wọ́n ṣe pa ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ irin, bí iná ṣe ga jù lọ́jọ́ náà, bí àgbá apaná ṣe ṣófo.

Alága ìgbìmọ̀ wò ó. "Màdáámù, ọjọ́ wo lẹ sọ ti àdánwò yẹn fún awakọ̀?"

"N ò sọ fún un."

"Ọkọ yín ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ibẹ̀ ni Rọra ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, láàárín àwọn àjèjì, pé ìyàwó òun ti rí i tí ìṣó jó táyà kí òun tó fi itọ́ dán an wò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyàwó rẹ̀ wà.

Nígbà tí wọ́n délé, Rọra jókòó sí pálọ̀, ó ní:

"Ká ní o sọ pé o ti dán an wò, tó o sì rí i tó jó, ǹ bá ti yọ ọ́. Kí ọkọ̀ náà dúró síta, kí Ọ̀gá yín bínú kú."

"Mo sọ pé kẹ́ ẹ yọ ọ́," ni Ẹnjiníà wí.

"O sọ ọ́ bí ẹni tó ní kí n pa iná yàrá."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe sọ ọ́.

Ilé-iṣẹ́ náà san owó ìtanràn, ó ti ilẹ̀kùn. Ọ̀gá kò rìn jìnnà. Ilé-iṣẹ́ mìíràn gbà á, ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ń gba iná náà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, àwọn tó mọ ibẹ̀ sì ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ irin níbẹ̀ náà máa ń sinmi lọ́jọ́ tí àlejò bá ń bọ̀. Ìgbìmọ̀ ní Ẹnjiníà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́. Kò bá wọn jà. Ìka Rọra ti ká, wọn kò lè di ìdarí ọkọ̀ mú mọ́, dókítà sì ti sọ pé bí wọ́n ṣe máa wà nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ló ń fún un lóúnjẹ. Yóò la ẹnu, yóò gbà á, yóò jẹ ẹ́, yóò tún la ẹnu. Kì í kọ oúnjẹ, kì í sì í bá a sọ̀rọ̀. Àwọn aládùúgbò tó ń wá kí wọn ní ó ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè rí nǹkan sọ ni.

Ẹ̀yin tó ń kà á, ọkọ̀ tó ń gba iná láti ilẹ̀ lè má tíì dé àdúgbò yín, ṣùgbọ́n yóò dé. Bó bá dé, ẹ má gbé ọgbọ́n ọkọ̀ àtijọ́ lọ bá a. Bí ìṣó, àjákù wáyà tàbí irin èyíkéyìí bá wọ táyà rẹ̀, ẹ má ṣe gbé e sórí iná, bó jò bí kò jò. Ẹ má fi táyà tó ní okùn irin rọ́pò tirẹ̀ nítorí pé ó dínwó. Ẹ gbá ibi tó ń dúró sí dáadáa, ẹ má sì jẹ́ kí àgbàlagbà tàbí ọmọdé jókòó sínú rẹ̀ títí ẹ óò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ̀rọ kan bá ń dún ṣáá, ẹ wá ohun tó ń rí kí ẹ tó pa á lẹ́nu mọ́. Kí ẹ sì wo àgbá apaná yín lónìí bóyá nǹkan kan wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń ṣe nǹkan fún ará ìlú, tí ẹ sì ti rí ibi tó ti lè pani, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó máa lò ó, ẹ sọ ọ́ tán, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí. Ọ̀gá yín lè bínú. Ẹ jẹ́ kó bínú. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó jáde nílé, torí bí wọ́n bá ti jáde tán, ìgbìmọ̀ nìkan ló kù tó máa gbọ́ ọ.